Àlejò Tí Kò Tíì Lọ

Ìjà garawa ni wọ́n fi jí lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ ti bì sínú garawa tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi ń wẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì rí i kí ó tó bọ́jú, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí dé ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni tí wọ́n gba ilé baba rẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé. Bàbá àti ìyá Abẹ́rẹ́ wà nínú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n àti Abẹ́rẹ́ wà nínú èkejì, sítóòfù wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ògiri ilé náà sì tín-ín-rín débi pé bí ará ilé kejì bá húkọ́, àwọn ni yóò bu omi mu.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni wọ́n sọ ọmọ náà o. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn, torí pé ara rẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó sọ ọ́ nílé, bàbá rẹ̀, tó ń tún bàtà ṣe ní ìkóríta, rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun tí òun bí i gan-an ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Orúkọ náà bá lẹ̀ mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ ọmọ àti abẹ́rẹ́ bàbá ni wọ́n fi ń ra ìrẹsì ilé náà.

"Garawa tí mo fi ń bọ́jú," ni Ẹ̀gbọ́n ń wí. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ilé ń pè é, láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó sì ti kó wá bá wọn. "Ṣé kò rí ilẹ̀ ni? Gbogbo ilẹ̀ yìí ò tó o?"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ara rẹ̀ ni ò yá," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

Ó gbé garawa náà, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Aṣọ àwọn ará ilé ńlá ni ó ń fọ̀ jẹun, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ ọ láti máa dákẹ́ bí ọwọ́ bá ti wà nínú omi. Nígbà tó ṣe tán ó wọlé lọ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ níwájú orí. Ara ọmọ náà gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá mi," Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àlejò ò tíì lọ o."

"Mo gbọ́. Fi aṣọ bora."

Ohun tí àwọn obìnrin ń rí lóṣooṣù ni wọ́n ń pè ní àlejò nínú ilé yẹn. Ìyá tó bí Ìyá Abẹ́rẹ́ ló fi kọ́ ọ, òun náà sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ gbọ́, ó yẹ kí ó ní aṣọ tí yóò wọ̀ jáde. Wọ́n lè sọ ọ́ nídìí oúnjẹ kí bàbá wà níbẹ̀. Nígbà kan Abẹ́rẹ́ sọ pé àlejò òun dé láàárọ̀, bàbá rẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ìrẹsì, ó ní ṣé wọ́n ti fún un lóúnjẹ. Ìyá àti ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, bàbá náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí òun ń rín.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ní àlejò ò tíì lọ, Ìyá Abẹ́rẹ́ kò kà á sí nǹkan kan. Àlejò a máa pẹ́ nígbà mìíràn. Ibà tó ń yọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ló ká a lára.

Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ dìde, ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́. Tìmùtìmù ni wọ́n ń rán níbẹ̀, oríṣiríṣi ìrọ̀rí àga tí wọ́n ń ki fóòmù sí, kí àwọn tó fẹ́ jókòó lè jókòó kí ara sì tù wọ́n. Ẹni tí kò bá wá lónìí, ẹlòmíràn yóò ti wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ kí oòrùn tó ga, torí pé ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń wáṣẹ́ ń dúró lẹ́nu géètì. Abẹ́rẹ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ gbì.

"Ẹ bá mi mú bàtà mi," ó wí.

Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó wo bàtà, ó ní ibà ni, kí wọ́n fún un ní oògùn ibà kó sùn, tó bá fi máa di ọ̀sán yóò ti dìde. Òun náà kò tíì lọ sí ìkóríta, ó wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà oníbàárà kan tó fẹ́ gbà á láàárọ̀. Wọ́n fún ọmọ ní oògùn, ó pọ̀ ọ́. Wọ́n rẹ búrẹ́dì sínú tíì fún un, ó pọ ìyẹn náà. Ìgbẹ́ gbuuru wá tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n sì fi ara rẹ̀ gbé garawa náà wá lọ́tẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kùn bó ṣe ń gbé e bọ̀.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa, Ìyá Abẹ́rẹ́ ká aṣọ kúrò lára ọmọ rẹ̀ láti fi omi tútù nù ún. Àyà rẹ̀ pọ́n. Ikùn rẹ̀ pọ́n, itan rẹ̀ pọ́n, bí ara ẹni tó ti na ara sílẹ̀ sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́ òrùlé ni ọmọ yìí ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ pàápàá ti pọ́n.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́ra. "Èébì láàárọ̀ kùtù," ó ní. "Òòyì. Ó tún ṣubú. Èmi náà bímọ, mo mọ ohun tí mò ń wò."

"Kí lẹ̀ ń wò, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé èmi ni kí n sọ ọ́? Bi ọmọ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ kí bàbá rẹ̀ gbọ́."

"Kí ló máa gbọ́ tí kò tíì gbọ́? Ṣé ilé yìí ní ògiri ni?"

Lóòótọ́, ìró òòlù bàbá ti dáwọ́ dúró lọ́dẹ̀dẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Abẹ́rẹ́ ṣí ojú. Ó ń wo wọ́n, kò sì rí wọn.

"Àlejò ò tíì lọ," ó sọ ọ́ ketekete. "Ó wà nínú. Mo fà á, kò jáde. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀."

Bàbá Abẹ́rẹ́ wọlé pẹ̀lú bàtà ọlọ́bàtà lọ́wọ́.

"Àlejò wo?" ó bi ìyàwó rẹ̀. "Nínú ibo?"

Kò dúró gba èsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpótí Ẹ̀gbọ́n ló bá níbẹ̀. Ó ká kọ́tìnnì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ká ní ọ̀rọ̀ náà kò le ni, à bá ní kó wo inú ìkòkò ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá pa iná yẹn, ẹnu Ìyá Abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà sì wà. Ó la ẹnu, ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó pa á dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò dárúkọ nǹkan yẹn létí ọkọ rẹ̀ rí. Báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ lónìí, níṣojú Ẹ̀gbọ́n? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó mọ òwe náà dáadáa, ó tilẹ̀ ti fi bá Abẹ́rẹ́ wí rí.

"Ibà ló ń sọ̀rọ̀," ó ní. "Ẹ má dá a lóhùn."

"Ibà ló ní kí bàbá má mọ̀?"

Ó ju bàtà sílẹ̀, ó jáde. Ọkùnrin kan wà ní òdì kejì ọ̀nà tó ń tún táyà ṣe. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sì ju pé ó máa ń kí ọmọ náà láràárọ̀ pé, "Abẹ́rẹ́, má gún wa o." Bàbá Abẹ́rẹ́ kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó fi ọwọ́ tó fi ń fa awọ bàtà gbá a lẹ́nu. Àwọn èèyàn ya jáde. Ẹnì kan tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ti gbá Alátáyà létí kó tó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, òmíràn di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Kí ló jí?"

"Wọ́n ní ó wọlé tọ ọmọ wọn."

"Ẹ gbà mí gbọ́, èmi ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́."

"Ìwọ tó kó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ìgbà wo lo ṣọ́ ọ?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Ó ń nu ara ọmọ rẹ̀ lọ, ó ń nù ún bọ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tí ariwo bá rọlẹ̀, òun á pe ọkọ òun sí kọ̀rọ̀. Ìtìjú bò ó, inú tún ń bí i. Kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní yàrá tó kángun sí tiwọn ló já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ lójú, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó wá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, orí gbóná, ẹsẹ̀ tutù. Ìgbà wo ló ti tọ̀ gbẹ̀yìn?"

"Mi ò rántí. Kò tíì tọ̀ láti àná."

Oníbúrẹ́dì gbé ọwọ́ kúrò lára ọmọ. Ó jáde sáàárín ìjà. "A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá," ó sọ fún wọn. "Ọmọ tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ jà ń kú lọ nínú ilé. Ta ló ní mọ́tò?"

Kò sẹ́ni tó ní mọ́tò àfi Alátáyà, kì í sì í ṣe tirẹ̀, ti oníbàárà tó wá pààrọ̀ táyà ni. Ó wo Bàbá Abẹ́rẹ́, ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó lọ mú kọ́kọ́rọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Ẹ̀gbọ́n gbé ọmọ sẹ́yìn, wọ́n jókòó tì í. Àga tó kù kò ju èyí tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lọ, ibẹ̀ ni Bàbá Abẹ́rẹ́ jókòó sí. Alátáyà ń wa ọkọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀ tó ti wú.

Dókítà tó gbà wọ́n, obìnrin ni, ọ̀dọ́ ni, ó sì ń rìn kíákíá. Kí wọ́n tó tẹ́ ọmọ tán ni wọ́n ti ki abẹ́rẹ́ omi bọ̀ ọ́ lápá kan, wọ́n tún ń wá iṣan ní apá kejì. Nọ́ọ̀sì ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo dókítà.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Ìyá? Ṣé ó ní egbò kankan? Ṣé ẹnì kan lára yín ń ṣàìsàn nílé? Kí ló jẹ?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ dáhùn gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́?"

Bàbá Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Alátáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tiwọn gbé orí sókè.

"Rárá o," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá kí ènìyàn, kò tilẹ̀ mọ̀ pé irọ́ lòun pa. Kí ló kan àlejò nínú ọ̀rọ̀ ibà? Àlejò kì í pa ẹnikẹ́ni.

"Ẹ wò ó bóyá oyún ni," ni Ẹ̀gbọ́n sọ.

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Oyún kọ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀nà àbákọjá. Dókítà dé, ó ní àwọn ti ń fún un ní oògùn, omi sì ń lọ, ṣùgbọ́n ìfúnpá rẹ̀ ṣì ń lọ sílẹ̀. Ó ní oró kan wà tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ibì kan, àwọn kò tíì rí ibẹ̀. Bí àwọn kò bá rí i, ohun tí àwọn ń dà sí i lára kò ní dúró. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù ba Ìyá Abẹ́rẹ́.

Ọmọbìnrin kan sáré wọlé nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òwú wà káàkiri ara aṣọ rẹ̀. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pe òun níbi iṣẹ́, òun àti Abẹ́rẹ́ jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ni. Oníbúrẹ́dì tó gbé ọjà lọ sẹ́nu géètì wọn ló sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wá súnmọ́ etí Ìyá Abẹ́rẹ́.

"Ìyá, ṣé wọ́n ti yọ ọ́?"

"Kí ni?"

"Fóòmù yẹn."

Ìyá Abẹ́rẹ́ kò lóye. Bọ́tìnnì bá fà á lọ sí igun ògiri, ó sì sọ ọ́ fún un. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ wọn, títì ni wọ́n ń tì í. Ìyá tó ń bójú tó wọn fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣí i, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, àwọn tó máa dúró lórí ìlà sì máa ń ju àwọn tó máa ráyè wọlé lọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ yí aṣọ ìjókòó, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá. Agbára wọn kì í ká páàdì, tó bá sì ká a, níbo ni wọ́n fẹ́ ti pààrọ̀ rẹ̀? Làwọn ọmọ bá dọ́gbọ́n. Àjákù fóòmù kún ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n máa ń gé e kékeré, wọ́n á fi í sínú ara. Á máa fa ẹ̀jẹ̀ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Gbogbo wa la ń ṣe é, Ìyá. Nígbà mìíràn á wọlé jù, a máa ń ran ara wa lọ́wọ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn pé ọwọ́ òun ò tó tòun. Mo ní kó jẹ́ ká wò ó. Ojú ń tì í. Nígbà tó yá, ó ní bóyá ó ti bọ́ fúnra rẹ̀."

Ó wà nínú. Mo fà á, kò jáde. Ìyá Abẹ́rẹ́ tún gbọ́ ọ, bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ láàárọ̀, tí òun sì ní kí wọ́n má dá a lóhùn. Ó kọjá lára Bọ́tìnnì. Ọkọ rẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó béèrè pé kí ló dé, ó kọjá lára rẹ̀. Ó bá dókítà láàárín àwọn aláìsàn tó ń dúró, ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn.

"Irọ́ ni mo pa fún yín, Dókítà," ó ní. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. "Ọmọ mi ń ṣe nǹkan oṣù. Fóòmù ló ń lò, ó ṣì wà nínú rẹ̀. Ojú ń tì mí ni mi ò fi sọ."

Dókítà kò dúró bá a wí. Ó ti ń sáré kí gbólóhùn náà tó parí. Wọ́n fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó pẹ́ díẹ̀, òórùn kan jáde tí nọ́ọ̀sì fi lọ ṣí fèrèsé. Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró síta kọ́tìnnì, ó ń wo ẹsẹ̀ bàtà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó bínú sí ara rẹ̀ débi pé ẹkún kò ráyè.

Bàbá Abẹ́rẹ́ wá dúró tì í. "O ò ṣe sọ fún mi láàárọ̀?"

"Ṣé ẹ dúró gbọ́ ni? Ẹ béèrè, ẹ sì jáde lọ lu ẹni ẹlẹ́ni."

Ọkùnrin náà yíjú sí kọ́tìnnì.

Nígbà tí dókítà jáde, wọ́n yí i ká. Ó ní wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti fọ ibẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe ọmọ wọn.

"Kòkòrò kan wà tí ojú kì í rí," ó ní. "Ó ṣeé ṣe kó wà nímú èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí fóòmù tó ti mu ẹ̀jẹ̀, tó sì pẹ́ níbi tó gbóná, ó rí ilé gbé. Ó ń bí sí i níbẹ̀, ó sì ń tu oró. Oró yẹn ló wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

"Oró náà ló wá ń pa á?" Bàbá Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, Bàbá. Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Tí àìsàn bá wọlé, àwọn díẹ̀ tó mọ ojú rẹ̀ nínú wọn ló máa dìde sí i, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó bá a jà. Oró yìí kì í jẹ́ kí wọ́n yẹ ohunkóhun wò. Ńṣe ló ń so wọ́n pọ̀ tipátipá, tó ń jí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tẹ́nì kan bá kígbe olè ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ni. Kálukú á gbé igi jáde, ẹni tọ́wọ́ bá sáà ti tẹ̀ ni wọ́n á máa lù."

Bàbá Abẹ́rẹ́ ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò. Alátáyà ń wo ilẹ̀.

"Ìjà àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ara rẹ̀ pọ́n, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa jò, kí ẹ̀jẹ̀ má dé kíndìnrín àti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ. Oògùn kan ń pa kòkòrò náà. Òmíràn ń dá a dúró kó má tu oró mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ti jí, a ò lè lé wọn padà sílé kíá. À ń fi omi àti oògùn gbé e ró títí wọ́n á fi rọlẹ̀."

"Bí ikú ilé ò bá pani," ni Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Kò parí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀.

Bọ́tìnnì ló fọhùn. "Dókítà, gbogbo wa la ń lò ó. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun nìkan?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn, ara wọn ti pàdé oró yẹn rí láti kékeré, ó sì ti ní ohun tó máa fi pa á lẹ́nu mọ́. Ara tirẹ̀ kò tíì ní in. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni." Dókítà wò ó dáadáa. "Ìwọ ń kọ́? Ṣé ó wà lára rẹ báyìí?"

Bọ́tìnnì wo Bàbá Abẹ́rẹ́, ó wo Alátáyà, ó wolẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó sì mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde, ó ní òun gbọ́dọ̀ máa sáré padà. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ má sọ fún Abẹ́rẹ́ o. Wọ́n ti gbé ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kí n tó jáde ló ti ń rán."

Ọ̀sán náà kò fẹ́ lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó, ó dìde, ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó padà. Bàbá Abẹ́rẹ́ ra búrẹ́dì àti omi, ó gbé ti Alátáyà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní kó máà bínú. Alátáyà gba omi. Ó ní ẹnu ń dun òun, òun kò lè jẹ búrẹ́dì, ó dágbére, ó sì lọ dá mọ́tò oníbàárà rẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó lọ sílé lọ pọn omi, ó ní aṣọ tí ọmọ yóò fi pààrọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú.

"Ó ti tọ̀," ó ní.

Bàbá Abẹ́rẹ́ ní Ọlọ́run ṣeun. Àgbàlagbà ọkùnrin, ó dúró lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń dúpẹ́ nítorí ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, ojú kò sì tì í. Nọ́ọ̀sì ní ìfúnpá rẹ̀ náà ti ń dúró, àwọn kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà, ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì dé orí ìka ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìyẹn ni àwọn ń ṣọ́. Ó ní kí ìyá rẹ̀ wọlé, kó má pẹ́.

Abẹ́rẹ́ kéré lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó lè móoru. Ó ṣí ojú nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó rí ẹni tó ń wò.

"Ìyá mi."

"Mo wà níbí, ọmọ mi. Má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Wọ́n yọ ọ́?"

"Wọ́n ti yọ ọ́. Bàbá rẹ mọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀, èmi ni mo sọ ọ́. Kò sí ohun tó ṣe wá."

Ọmọ náà pa ojú dé. Ìyá rẹ̀ rò pé ó ti sùn.

"Ẹ rán ẹnì kan sí wọn níbi iṣẹ́," ó ní. "Ẹ ní mò ń bọ̀. Kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rọ mi."

"Mo ti ránṣẹ́," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé, ó yára gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Wọ́n kí ọ. Wọ́n ní kí o fara balẹ̀, kí o sinmi dáadáa, ìgbàkígbà tí ara rẹ bá yá, ẹ̀rọ rẹ wà níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ wò ó pẹ́.

"Ìyá mi, wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀."